Fríìdọ̀ọ̀mù Àbúrò Mi

Ní Suame Magazine níbí ní Kumasi, níbi tí mo ti ń ta páàtì mọ́tò, ọmọ tó bá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì yanjú, ọ̀gá á gbà á sílẹ̀, wọ́n á da ọtí sílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, òun náà di ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wa: télọ̀ ń gba fríìdọ̀ọ̀mù, onídìrí ń gbà á, kódà fọkanáísà ń pa ewúrẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí màámi fi máa ń pè mí lórí WhatsApp pé, "Àbúrò rẹ yìí, ìgbà wo gan-an ni dókítà tó ń ràn lọ́wọ́ fẹ́ fún un ní fríìdọ̀ọ̀mù?"

Physician assistant ni àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Ó ń yẹ aláìsàn wò, ó ń kọ oògùn, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le ló ń darí sí Komfo Anokye, ilé ìwòsàn ńlá tí ará Kumasi ń pè ní Gee. Ní abúlé tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sí dókítà kankan tó ń ràn lọ́wọ́. Òun gan-an ni ọ̀gá. "Dókítà" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Adìẹ nìkan ni kò tíì pè é bẹ́ẹ̀, adìẹ náà ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màámi gbọ́ "Dókítà" lórí fóònù lọ́jọ́ kan, orí wọn wú. Mo ní, "Ẹ rọra o, kò tíì di dókítà." Wọ́n ní ta ló wá yọ̀ǹda fún un láti máa kọ oògùn fọ́mọ ọlọ́mọ? Mo ní Medical and Dental Council ni, àwọn kan náà tó ń fún dókítà níwèé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe ní Ghana."

Ọjọ́ iṣẹ́ yìí ti pẹ́ níbí. Ọdún 1969 ni ilé ẹ̀kọ́ Kintampo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ di medical assistant, nítorí pé dókítà ò kárí ìgbèríko. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Ghana fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, tí àwọn bàbá wa tó ń tajà níbí fi di ẹrù sórí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń lé ẹni tí ń tajà fún un. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ọ̀nà àtidi dókítà wà ṣá. University of Ghana ní Accra ń gba ẹni tó ti ní dìgírì: ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹni tó ka báyọ́lọ́jì, tí kò fọwọ́ kan aláìsàn rí, ọdún mẹ́rin náà ni. Lẹ́yìn náà, house job ọdún méjì, níbi tí ẹni tí abúlé ń fún ládìẹ á ti máa sáré gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, tí nọ́ọ̀sì tó lè bí lọ́mọ á máa bi í pé, "Ta ló kọ wúruwùru yìí?"

Amẹ́ríkà, níbi tí yunifásítì Duke ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ physician assistant ní 1965, kò fi bẹ́ẹ̀ láàánú jù wá lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ LECOM ní Pennsylvania la ọ̀nà àbùjá fún irú àbúrò mi: ọdún mẹ́ta dípò mẹ́rin. Gbogbo ìrírí yẹn, ọdún kan péré ni wọ́n fi jì wọ́n.

Màámi ní kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ dókítà láìgba fríìdọ̀ọ̀mù ò lè ṣẹlẹ̀ nílé. Lóòótọ́, nílé, oníkẹ́míìsì iwájú ilé wa ń jẹ́ Dókítà láìdé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ṣùgbọ́n mo rán wọn létí Yábà ní Èkó, níbi tí òyìnbó ti dá ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní 1930. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dà, ìwé ẹ̀rí wọn ò bá ti òyìnbó dọ́gba. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọ̀rọ̀ Yábà yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934. Fríìdọ̀ọ̀mù tí màámi ń bèèrè, àwọn kan ti torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn.

Àbúrò mi ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ dókítà báyìí. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní London tí ẹ ti ń pè é ní Dókítà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó ti kan owó ilé ẹ̀kọ́ o. Mobile money la ń lò ní Kumasi. Ẹ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mi.