Sí Kẹ́hìndé, Tó Ní Òun Ti Tún Táímà Ṣe

Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n mi,

Àtúnṣe tí o kọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gbangba ni kóòdù wa wà, ẹni tó bá wù ló lè kà á, nítorí náà gbangba ni n óò ti dá ọ lóhùn.

"Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi" lo kọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àṣìṣe táímà kì í dúró de ẹni tó ń wá a. Ètò ti pa ìsopọ̀ dé, ó ti dá mẹ́mórì padà, ni táímà tí a ti dá sílẹ̀ ṣáájú bá dún, tó lọ fọwọ́ kan ohun tí kò sí mọ́. Gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ìwọ wá ní kí ètò sùn fún ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dá mẹ́mórì padà. Ta ló sọ fún ọ pé táímà á ti dún kí ètò tó jí? Lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oorun lo fi kún un, o ò tún nǹkan kan ṣe.

Dá táímà dúró, jẹ́ kí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ parí, kí o sì rí i pé kò sẹ́ni tó lè tún un dá sílẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ló ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Má tijú: Linux pàápàá, níbi tí Thomas Gleixner ti ń tọ́jú táímà láti ọdún pípẹ́, ọdún 2023 ni ẹ̀dà 6.2, tó gbé timer_shutdown_sync wá fún un, tó jáde.

Àṣìṣe rẹ kejì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Aago tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí lo fi ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwọ, ọmọ Ìbàràpá, tí o mọ bí iná ṣe ń lọ! Kọ̀ǹpútà tí bátìrì aago inú rẹ̀ ti kú, bí iná bá dé, ọdún àtijọ́ ló máa jí sí. Bí dátà bá wọlé, á fò dé òní lẹ́ẹ̀kan náà, táímà rẹ á dún lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fa aago sẹ́yìn ńkọ́? Táímà á kàn jókòó, kò ní dún. Aago CLOCK_MONOTONIC kì í padà sẹ́yìn. Òun ni kí o lò.

Mo mọ̀ pé wàá ní mo le jù. Àmọ́ wo jiffies tí Linux fi ń ka àkókò: bó bá jẹ́ bíìtì 32, tó ń kà ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọjọ́ 497 ló fi ń kún kó tó padà sí òdo. Ta ló fẹ́ jókòó sí Èrúwà fún ọjọ́ 497 kó lè mọ̀ bóyá kóòdù òun dára? Àwọn tó ń kọ Linux kúkú ṣètò rẹ̀ pé kó kún ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá jí, kí àṣìṣe lè tètè hàn. Irú ìkà yẹn ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣebí ìwọ náà ni wọ́n ní o rán mi ṣíwájú wá tọ́ ayé wò? Àtúnṣe rẹ kò rán ẹnikẹ́ni ṣíwájú. Kọ ìdánwò tó máa ti aago síwájú, tó máa fà á sẹ́yìn, tó máa pa ìsopọ̀ dé gẹ́lẹ́ tí táímà bá fẹ́ dún. Kó kùnà lórí kóòdù àtijọ́, kó yege lórí tìrẹ. Yọ "àtúnṣe kékeré" kúrò lórí rẹ̀, kí o sọ ohun tó fa wàhálà náà.

Bó bá tẹ́ mi lọ́rùn, n óò fi orúkọ mi sábẹ́ tìrẹ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá wá dàrú lóru, àwa méjèèjì ni wọ́n á jọ jí.

Èmi ni,
Táíwò