Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọyẹ́ tó gba Kétu

Ẹ̀yin àgbà Ọyẹ́,

Wọ́n ní láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì lẹ ti ń ru eruku bọ̀. Ìrìn yẹn kì í ṣe kékeré, ó yẹ kí ẹ sinmi. Ṣé orí ibùsùn mi nìkan ni ibi ìsinmi?

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé orí òkè yìí. Nílé, àlejò ni yín, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ó fi kùrukùru díẹ̀ bo ojú ọ̀sà láàárọ̀. Bí atẹ́gùn òkun bá ti dé, ẹ ó palẹ̀ mọ́. Ọmọlúwàbí! Kí ló wá dé tí ẹ fi dé Kétu tán tí ẹ di onílé? Ogun Dahomey dó ti ìlú yìí pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ ní 1886. Àkábà Ìdènà, ẹnubodè ìlú, ṣì ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀yin ò tilẹ̀ bojú wò ó. Abẹ́ ilẹ̀kùn mi lẹ gbà.

Ti omi ló burú jù. Kànga ibí jìn: ẹni tó ju korobá sí i lè kí aládùúgbò tọmọtọmọ kó tó gbọ́ tí ó kan omi. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ a kàn wẹ̀ ni. Níhìn-ín, ojú, apá, ẹsẹ̀. Ìyókù di ọ̀la. Omi tí mo sì fi fọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jẹ́ kó ṣòfò: kí aṣọ ó tó gbẹ, ó ti dà bí èyí tí wọ́n fi osùn pa.

Mi ò ní ẹ ò ṣoore. Àgbàdo tí wọ́n sá sétí títì gbẹ kánkán, láfún kì í bu nígbà tiyín. Ṣùgbọ́n ta ló sá ètè tèmi? Ìyá tó ń ta òrí lọ́jà ti ń pè mí ní oníbàárà pàtàkì. Bóyá ẹ jọ ń pín èrè ni.

Ẹ rántí pé ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ wà, èyí tí UNESCO kà mọ́ àṣà àjogúnbá àgbáyé ní 2001. Bí Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá jáde lóru, kò sí aláṣejù tí kì í fi kọrin. Mo ti ń wá ẹni tí yóò fi orúkọ yín tó o létí. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìtìjú, ọ̀nà Pobè àti Sakété ṣí sílẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn l'Ájàṣẹ́.

Èmi ni,
ẹni tí ètè rẹ̀ ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.