Oríkì Kókó, Onípàkọ́ Zone 4

Kókó o! Kókó inú irun, mo kúnlẹ̀ kí ọ. Ọmọ kan ló gbé ọ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Zone 4, ní Abidjan, láàárọ̀ Sátidé, ó ní, "Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọrùn mi, ó ń fà mí láti àná." Mo wo iwájú: irun ń dán, ó balẹ̀ dé èjìká, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní òpópó Docteur Blanchard á ní ayé ọmọ yìí ti dára. Mo gbé e sókè. Abẹ́ ibẹ̀ ni mo ti bá ọ. O kún ọwọ́ mi, o le, òógùn àti pọ́dà ti bá ọ mọ odi yíká. Mẹ́ẹ̀ṣì 90,000 séfà tí kò tíì pé oṣù kan lórí! Èébú ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè jẹ irú owó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì mú un, oríkì ló tọ́ sí i.

Onípàkọ́!
Ajókòó-sẹ́yìn-ba-iwájú-jẹ́.
Onípàkọ́ tí onípàkọ́ kò rí,
Ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá wa rí i.
Àwọn ìyá wa di kọjúsọ́kọ, ìwọ di kẹ̀yìnsọ́kọ.
Wọ́n di ṣùkú, o sọ ọ́ di ṣákáṣàka.
Wọ́n di ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀,
O gba ìpàkọ́, o fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Kò sí orílẹ̀-èdè láyé tó ń pèsè kòkó tó Côte d'Ivoire, ìwọ náà sì rí i pé kókó kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Kòkó kọ́ ilé gogoro sí Plateau, kókó kọ́ tirẹ̀ sí ìpàkọ́. Kòkó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ, kókó ń bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀. A sá kòkó sóòrùn, ó gbẹ. A sá kókó sóòrùn, ó le sí i. A la kòkó, a bá hóró. A la kókó, a bá òróró ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Olóko kòkó ń ka owó, olórí kókó ń ká ọwọ́ lérí. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀, kòkó kò ṣẹ̀ mí.

Dàda Àfowórà! Dàda gidi, àtọ̀runwá ni; ìwọ, àtọjàwá ni ọ́. Dàda gidi, lẹ́yìn tó dé la so owó ẹyọ mọ́ ọn lórí. Ìwọ, a ti san owó tán kí o tó dé. Bí a bá fẹ́ fá orí Dàda, a ó se ẹ̀wà, a ó pe gbogbo ọmọdé àdúgbò. Bí a bá fẹ́ gé ìwọ, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó yọ àlùmọ́gàjí, oníbàárà á sì bẹ̀ wá pé ká má yà á ní fọ́tò. Dàda Àfowórà, ọmọ tí kò ní bàbá, tó ní rìsíìtì.

Ṣé kí n ki ìran rẹ? Àwọn tó ń tà ọ́ ní ọmọ Brazil ni ọ́. Kí Brazil má gbọ́ o! Ní Tirumala, ní Andhra Pradesh ní Íńdíà, àwọn olùjọsìn ń fá irun wọn fún òrìṣà, tẹ́ńpìlì sì ń ta irun náà fún ẹni tó bá san owó tó ga jù. Irun tí a fá bẹ́ẹ̀ ṣeé tò, kí gbòǹgbò wà pẹ̀lú gbòǹgbò. Kì í ṣe ìyá rẹ nìyẹn. Òòyà ló bí ọ. Irun tó já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yarun ni wọ́n ṣà jọ, gbòǹgbò dojú kọ ṣóńṣó, ṣóńṣó dojú kọ gbòǹgbò. Fọ́nrán irun sì ní ìpẹ́ bí ẹja: bí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan, wọ́n á máa yọ̀ kọjá ara wọn, bí ọ̀kan bá dorí kodò, ìpẹ́ á há ìpẹ́. Nílé iṣẹ́, wọ́n á fi ásíìdì bó ìpẹ́ náà, wọ́n á fi sílíkóònù kùn ún, á máa dán. Lẹ́yìn fífọ̀ bíi mélòó kan, aṣọ yíyá bọ́, ìwọ bọ́ síta. Kódà Emma Tarlo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ odidi ìwé lórí òwò irun ní 2016, *Entanglement* ló pè é. Ta ni nínú àwa tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé?

Zone 4 ni ààfin rẹ. Ọ̀sà yí wa ká, atẹ́gùn rẹ̀ tútù, ó lẹ̀ mọ́ ọrùn. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ń ha, ìjókòó ọkọ̀ wọ́rọ̀-wọ́rọ̀ ń ha. Bí wọ́n bá ti etíkun Bassam dé lálẹ́ Àìkú, tí iyọ̀ òkun wà nínú irun, tí wọ́n gbé orí tútù lé ìrọ̀rí, láàárọ̀ Ajé o ti jẹ oyè.

Ọmọ tí mo ń wí yìí, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé oúnjẹ kan. Láti 2023, owó oṣù tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ dín jẹ́ 75,000 séfà. Irun náà ju ìyẹn lọ. Ẹni tó tà á mọ̀ pé irun àṣàjọ ni, ó wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, ó ní "naturelle" ni. Nígbà tí mo tú u tán, irun orí ọmọ náà gan-an bá a jáde, awọ ibẹ̀ pọ́n, ó ń ṣomi. Olè ni ẹni náà. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o. Olè ni.

Kábíyèsí, má bínú, oríkì kù. Gbogbo ọba ló ní èèwọ̀. Onípàkọ́ kì í fojú kan òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, pàápàá èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń yarun láti orí wá sílẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ ni wọ́n: gbogbo kókó wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó wá fún ọ ṣèpàdé. Dàda Àfowórà kì í gbọ́ pé wọ́n di òun ní bíba méjì kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n sì wé ìborùn ṣátíìnì lé e. Ìrọ̀rí olówùú ni ọ̀rẹ́ rẹ. O kò fẹ́ kí wọ́n da omi láti òkè wá sísàlẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ irun, kí wọ́n fi ọwọ́ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Kí wọ́n rún un, kí wọ́n fún un, ìyẹn lo fẹ́. Irun tó gbẹ kó tó kan ibùsùn, ọ̀tá rẹ ni. Mo ti sọ fún ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀bù wa pé kó má jẹ́ kí oníbàárà kankan gbọ́.

Bí o bá ń ṣí lọ, má yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa ará Ẹjìgbò ní Treichville o. Òwú dúdú ni wọ́n fi ń kó irun, wọn ò ní yàrá fún ọ. Gba afárá Henri Konan Bédié tí wọ́n ṣí ní 2014, sọdá sí Riviera, ibẹ̀ ni ẹni tó tà ọ́ ń gbé. Wọ́n ń gbowó lórí afárá náà, ní kó san án. Bí o bá dé ibẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí o tẹ́ ẹní sí.