Ẹṣin Iwájú Kò Ní Dígí

Ẹni tó de dígí méjèèjì mọ́ ọwọ́ alùpùpù náà kò tíì nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ tán tí ẹnìkejì fi gbé sípánà, tó ń tú wọn. Gate ni, n’Ìbàdàn, lágbègbè àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń mú. Àbúrò ìyàwó mi ló ni máṣíìnì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka owó rẹ̀ lélẹ̀ tán ni. Boxer pupa, ẹ́ńjìnì ọgọ́rùn-ún, tó ṣì ń rùn ọ̀dà àti rọ́bà titun. Mo bi mẹkáníìkì pé kí ni dígí ṣe fún wọn. Ó wò mí bí ẹni tó bi ìyá olóúnjẹ pé kí ló dé tó fi ń ṣí ìkòkò kó tó bu ọbẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ ti rí ọlọ́kadà tó ń lo dígí rí?”

Mo bojú wo títì. Ọ̀kadà kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ọ̀kan gbé obìnrin àti ọmọ méjì, ọ̀kan gbé àpò ìrẹsì, ọ̀kan gbé ilẹ̀kùn onírin ní ìbú. Kò sí dígí lára ìkankan wọn. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré; ohun tí aṣáájú bá ṣe ni ọmọlẹ́yìn ń kọ́. Àwọn tó pa òwe náà mọ ẹṣin, mo gbà fún wọn. Ibi tí mo ti bá wọn wíjọ́ ni pé wọ́n rò pé dandan ni kí ẹṣin iwájú ríran. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò fi owó àjọ ra ẹṣin tó ní ojú níwájú, tó tún ní ojú tí yóò fi máa wo ẹ̀yìn, tí yóò sì tún sanwó fún ẹni tó máa bá a yọ ojú ẹ̀yìn kúrò, torí pé ẹṣin tó wà níwájú rẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn la wà o, ìlú tó ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin l’Óṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn baba ńlá kò sá fún ẹṣin. Ọmọ wọn ló wá ń sá fún yẹ̀yẹ́ ọlọ́kadà.

Àwíjàre mẹkáníìkì pọ̀. Dígí a máa há sára mọ́tò bí èèyàn bá fẹ́ gba àárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kọjá. Àwọn ọmọ ìta a máa jí i. Dígí a sì máa sọ máṣíìnì di lédíìsì, irú Honda kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́bìnrin ń gùn láyé ìjọsí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ àbúrò ìyàwó mi létí, tó fi ní kí wọ́n tètè yọ ọ́. Ẹ̀gàn nìyẹn ni? Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn gùn ún lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gùn ún padà sílé, eyín ẹnu wọn sì pé.

Ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun gùn ún. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣí i, kó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ àgbà ló kọ́kọ́ kàn án.” Dígí ọ̀tún ti lọ, ti òsì ló kù, mo ní kí mẹkáníìkì gbé sípánà rẹ̀ sílẹ̀ títí n ó fi dé. Báyìí ni mo ṣe fi ojú kan gbéra, mo dorí kọ Ìwó Road.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí máṣíìnì náà bó ṣe rí, torí òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń kùn lábẹ́ mi láìpariwo. Kílọ́ọ̀ṣì fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n jíà rẹ̀ le, ìwà ohun titun ni. Bó bá ti ń wọlé ló ń dún kọ́ọ́, fíríì sì ṣòroó rí bí mo bá dúró. Jíà mẹ́rin ló ní, kò sì béèrè iná púpọ̀ lọ́wọ́ èèyàn: pẹ̀lú jíà kejì àti iná díẹ̀, ó ń gun òkè láìmí hẹlẹ. Àga rẹ̀ gùn, ó sì le. Ẹni tó ṣe é kò fi ẹnì kan ṣoṣo sọ́kàn rárá, torí sọ́kù ẹ̀yìn tó ń ta mí sókè lórí gbogbo kòtò nígbà tí mo dá wà lórí rẹ̀ ló balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ nígbà tí mo wá gbé olówó rẹ̀ sẹ́yìn. Irun rọ́bà ṣì wà lára táyà. Táyà titun a máa yọ̀, mo rọra ń dá a ní kọ́nà. Sílíńdà kan ni, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò sí omi, kò sí kọ̀ǹpútà. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, èyí tó bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì abẹ́ igi á tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ fi kún gbogbo ìgboro wa.

Dígí kan yẹn ńkọ́? Kí n tó dé Ìwó Road ni ojú mi bọ́ sínú rẹ̀, mo rí Mícrà kan tó ń bọ̀ lápá òsì mi, tó ti ń fi imú wá àyè. Kò tíì fọn fèrè. Mo súnmọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, ó kọjá. Gbogbo iṣẹ́ tí dígí ń ṣe nìyẹn: ó ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún ọ kí ohun náà tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo padà dé, mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ohun tó yẹ kí wọ́n yọ, wọn kò fọwọ́ kàn án: ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga kí eruku má bà á jẹ́ wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọ̀rá náà ń yọ̀. Bí olówó rẹ̀ bá tẹ bíréèkì, èrò ẹ̀yìn a yọ̀ wá bá a ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni ẹ̀rí pé máṣíìnì ṣì jẹ́ titun, ta ló máa ya ẹ̀rí rẹ̀ dànù?

Lẹ́yìn dígí, ó kan bíréèkì iwájú. Mẹkáníìkì tú wáyà rẹ̀ títí ó fi dẹ̀. Ó ní bíréèkì iwájú a máa ju èèyàn gba orí ọwọ́ máṣíìnì, ti ẹ̀yìn nìkan ni kó máa tẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi mi orí. Ẹ dúró ná kí n sọ iṣẹ́ tí arákùnrin yìí ń ṣe: olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ní ilé-ìwé girama aládàáni kan. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tó bá ń sáré kì í fẹ́ dúró, pé bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a rọ́ síwájú. Bí ìwúwo bá ti rọ́ síwájú, táyà iwájú ló ń tẹ ilẹ̀ jù, ti ẹ̀yìn á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Iwájú yìí gan-an ni agbára ìdádúró pọ̀ sí. Ẹni tó bá rọra fún un, tó fi ti ẹ̀yìn kún un, kò ní fò lọ síbì kankan. Mo rán an létí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ti ìwé yàtọ̀ sí ti títì.” Ìgbà yìí ni inú kọ́kọ́ bí mi gan-an. Ọmọ tó bá kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò, òdo ni olùkọ́ yìí máa fún un.

Wọ́n tún ní kó lọ ṣí ẹ́ńjìnì. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò lọ́ra títí ayé, pé ọjọ́ kìíní ni kí èèyàn ti fún un níná dé òpin, kó lè mọ irú ẹni tó rà á. Ìwé ìlànà tó bá máṣíìnì wá sọ òdìkejì: rọra gùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀, tètè pààrọ̀ òróró àkọ́kọ́, torí irin titun ń ha ara wọn kí wọ́n tó bára mu, èérún irin náà sì ń bọ́ sínú òróró. Ìwé yìí ló fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó ń mì. Tábìlì náà ti dúró ṣinṣin, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀ṣọ́ wá kù. Gílóòbù aláwọ̀ búlúù lábẹ́ táńkì. Ẹ̀rọ orin. Agboòrùn ńlá kan tí atẹ́gùn ń fà sẹ́yìn bí ẹ́ńjìnì ti ń fa olówó rẹ̀ lọ síwájú. Fèrè tírélà. Ẹni tí kò fẹ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ó tún lẹ ìwé mọ́ ìdí rẹ̀: “Ẹ̀yìn Mi Á Dára.” Mo ṣe àmín.

Ní ti akoto, ọ̀kan bá máṣíìnì wá láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀bùn ni. Ó fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n akoto ni. Ìgúnpá rẹ̀ ló fi ń dé. Bó bá rí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lọ́ọ̀ọ́kán, akoto a gòkè sórí. Bó bá kọjá wọn tán, a padà sí ìgúnpá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto, àwọn ọlọ́kadà kan ní Kano gbé igbá dé, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò kan ní àwọn kò ní dé akoto ọlọ́kadà, kí wọ́n má fi oògùn inú rẹ̀ gbé àwọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé igbá, ó kéré tán, ó mọ̀ pé orí ni wọ́n ní kóun bò.

Mo bi àbúrò ìyàwó mi pé ta ló ń wò ṣe gbogbo èyí. Ó ní gbogbo àwọn tó wà lójú títì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gùn ún láìní dígí, láìdé akoto, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ gan-an ni òwe yẹn ti ń pa èèyàn. Ẹṣin tó bá ti ṣubú kì í sí níwájú mọ́, kò sẹ́ni tó ń rí i wò. Àwọn tí tírélà gbá látẹ̀yìn kì í wá sí Gate lọ́sàn-án wá bá mẹkáníìkì ṣẹlẹ́rìí. Wọ́n wà n’Ígbòbì l’Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń to egungun; wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn onísègùn egungun ní abúlé, igi ọparun ni wọ́n fi de ẹsẹ̀ wọn; àwọn mìíràn wà níbi tí wọn kò ti ní gun nǹkan kan mọ́. Títì ti ṣa gbogbo wọn kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ó wá ń fi àwọn tí kò tíì kàn hàn wá, àwa náà ní, “Ẹ ò rí i, kò sí nǹkan kan!”

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkejà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Jàǹbá wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, n kò sì ní wọn ò jàre. Àmọ́ máṣíìnì kò lọ́wọ́ tó fi ń tú dígí ara rẹ̀. Pípé ló jáde nílé-iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ló ti di aláàbọ̀ ara, a sì tún san owó iṣẹ́ fún ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Dígí méjèèjì kò kúkú ṣègbé. Ìyàwó olówó máṣíìnì ń ṣe irun; ó ti kàn wọ́n mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà ń fi wọ́n wo ìpàkọ́ wọn. Ó ní iṣẹ́ ti ń wọlé sí i.

Ẹ má rò pé mo kórìíra arákùnrin yìí. Owó oṣù olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kì í gbé ènìyàn dé ibi tó jìnnà. Ó dá àjọ títí ó fi kó o, ó ní òun á máa fi gbé èrò bí iléèwé bá ti parí, á sì máa fi gbé ọmọ òun lọ síléèwé láàárọ̀. Aṣọ tó fi ń nù ún láràárọ̀ mọ́ ju ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ lọ. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ ẹ́, ó ra mínírà yí gbogbo ojúlé ká, ó sì fi mẹkáníìkì jókòó síbi tó yẹ kí àna jókòó sí. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tó báyìí kì í ṣe òpè. Ojú ló ń tì í, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn má baà rí i pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi. Ewúrẹ́ kan ti sá gba iwájú rẹ̀ ní Bàṣọ̀run. Ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, táyà ń wọ́ lọ, kò dúró, èrò ẹ̀yìn sì gba orí ọ̀rá wá gùn ún lẹ́yìn. Ewúrẹ́ lọ ní àlàáfíà. Ó jókòó, ó wolẹ̀, ó ní òun ti rò ó, òun á jẹ́ kí wọ́n fún wáyà bíréèkì iwájú le padà. Mo ní ó dára, kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó bá di ọ̀la.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe lọ́dọ̀ tiwa yìí o,” ó ní. “Mo ti rí ọ̀kan ní Mọ́níyà tí kò mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá wá gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ fi dandan lé e.”

Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó wá rọra bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta akoto gidi, irú èyí tó bo gbogbo ojú, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé òun ló wà nínú rẹ̀.