Ìkarahun Ti Balẹ̀, Ìgbín Ṣì Ń Bọ̀

Nínú Fallout 4, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní 2015, ẹ̀wù irin kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí, tí ènìyàn á bọ́ sínú rẹ̀, tí irin á sì padé mọ́ ọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bátìrì átọ́míìkì kan tí wọ́n ń pè ní fusion core ló ń gbé e rìn, ọ̀rọ̀ bátìrì yìí sì le lọ́wọ́ àwọn tó ṣe géèmù náà. Bí ẹ bá sáré, ó ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn fò, ó ń jẹ ẹ́. Tó bá tán, ẹ̀wù náà á di ẹrù tí ẹ̀ ń wọ́ kiri bí ẹni gbé òkú. Ó dára bẹ́ẹ̀; kò sí ohun tí kò lówó lórí. Àmọ́ ẹ gun orí òrùlé ilé tó ga jù nínú ahoro ìlú Boston tí géèmù náà dá lé, kí ẹ sì fò sílẹ̀. Gbì! Kọnkéré á mì, eruku á sọ, ọ̀tá tó bá wà nítòsí á ta gìẹ́gìẹ́, ẹ̀yin á sì nà tàntàn, ẹ ó máa bá tiyín lọ. Egungun kan ò yẹ̀, bátìrì ò dín. Wọ́n gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré nílẹ̀, wọ́n wá ní kí ẹni tó já láti òkè máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn baba wa ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ibi tí olóhun bá lọ, ohun tó so mọ́ ọn á bá a dé ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ géèmù ti dorí òwe náà kodò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìkarahun ló ń fà, ìgbín ló ń tẹ̀ lé e. Ìyẹn nìkan kọ́ ló burú. Ẹ́ńjìnnì kúkú wà lára ìkarahun, ẹ jẹ́ kó fà. Ohun tó burú ni pé wọn ò rántí pé nígbà tí ìkarahun bá dúró lójijì, ìgbín ò tíì dúró. Láti 1687 ni Isaac Newton ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ títí nǹkan mìíràn yóò fi dá a dúró, kò sì yọ ẹni tó wà nínú irin sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ irin ti bá kọnkéré pàdé, àmọ́ ara tó wà nínú rẹ̀ ò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé, ó ṣì ń bọ̀. Ó di ìgbà tó bá bá inú irin pàdé. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ á bá agbárí pàdé, tí ẹ̀dọ̀ á bá egungun ìhà pàdé, tí ọ̀pá ẹ̀yìn á ká jọ lórí ara rẹ̀. Ìpàdé pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú àáyá kan ò sì ní í pé kí gbogbo wọn tó parí.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ò ju ti ọmọ girama lọ. Ẹni tó bá já láti òkè 100 mítà, ìyẹn bí orí ilé alájà 30, á ti máa sáré tó kílómítà 159 ní wákàtí kan kó tó kan ilẹ̀, bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò. Ìbéèrè kan ló kù: mítà mélòó ló rí fi dúró? Ẹ mú gíga tó ti já, ẹ fi àyè tó rí dúró pín in. Èsì rẹ̀ ni iye ìlọ́po tí ara rẹ̀ yóò fi wúwo lójú ẹsẹ̀. Bí orúnkún ẹ̀wù náà bá tẹ̀ wálẹ̀ ní ààbọ̀ mítà, ìlọ́po 200 nìyẹn, ẹni tó wọn kílò 75 á wọn tọ́ọ̀nù 15. Bí orúnkún bá kọ̀ tí kò tẹ̀, tó wá jẹ́ pé tìmùtìmù inú ẹ̀wù, tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ni gbogbo àyè tó kù, ó di ìlọ́po 2,000, tọ́ọ̀nù 150. Ẹ̀wù náà lè má ní ìhà tó tẹ̀ wọnú rárá. Wọ́n á kàn fi omi ṣan inú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e fún ẹlòmíràn wọ̀.

Kì í ṣe pé a ò mọ ibi tí ara ènìyàn lè fara dà á dé. John Paul Stapp, dókítà nínú ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ara tirẹ̀ wò ó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1954, ní Holloman ní ìpínlẹ̀ New Mexico, wọ́n dè é mọ́ ìjókòó kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lórí ojú irin. Ó sáré dé kílómítà 1,017 ní wákàtí kan, ó sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.4. Ara rẹ̀ wúwo dé ìlọ́po 46, ẹ̀jẹ̀ kún ojú rẹ̀, kò ríran fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ó yè é, ó sì dàgbà dàgbà kó tó kú. Kí ni ó gbà á là? Kò wọ irin kankan. Bẹ́líìtì tó le ló dè mọ́ra, ó sì ní ojú irin tó ju 100 mítà lọ dáadáa tó fi dúró. Bí a bá wá fẹ́ kí akọni inú Fallout tó já láti òkè 100 mítà má jìyà ju Stapp lọ, àyè tó máa fi dúró gbọ́dọ̀ ju mítà 2 lọ. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀wù náà ní láti gùn ju ènìyàn tó wọ̀ ọ́ lọ, kó sì tẹ̀ kanlẹ̀ pátápátá, láìdá, láìyẹ̀. Mi ò tíì rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú géèmù kankan. Sòkòtò rẹ̀ ò ní í ṣeé rán.

Inú á ti máa bí àwọn olólùfẹ́ géèmù Halo báyìí, torí pé tiwọn ní àlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Halo 3, tí Bungie ṣe ní 2007, akọni rẹ̀, Master Chief, já láti sánmà bí ìràwọ̀ tó ń jábọ́, ó sì rì mọ́lẹ̀ nínú igbó kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. (Ẹ ṣàkíyèsí o: àgbáyé tóbi tó báyìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n tún wá gbẹ́ kòtò sí.) Ẹ̀wù rẹ̀ tó nǹkan bí ààbọ̀ tọ́ọ̀nù, eré tó sì bá dé ilẹ̀ lè ju kílómítà 300 ní wákàtí kan lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, wọ́n gbà pé ó ti kú. Ìdájọ́ wọn mọ́gbọ́n dání, èmi náà fọwọ́ sí i. Àwọn tó kọ ìtàn ló gba ìdájọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní gẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín irin àti ara, òun ló gba ìjàǹbá náà sára. Ó yẹ ká yìn wọ́n, torí wọ́n tilẹ̀ ronú, wọn ò sì jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Ní 1958, R. Flanagan Gray wọ inú àgbá omi nínú ẹ̀rọ tó ń yí òòyì ní Johnsville ní Pennsylvania, ó sì fara da ìlọ́po 31 fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Omi dára lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí omi ń ṣe ni pé ó ń pín ẹrù ká gbogbo ara, kó má baà tẹ ibì kan ju ibì kan lọ. Kì í dín ẹrù kù. Afẹ́fẹ́ ṣì kún inú ẹ̀dọ̀fóró, egungun ṣì wúwo ju ẹran lọ, kálukú wọn á sì máa bá eré tirẹ̀ lọ nínú awọ kan náà. Gẹ́ẹ̀lì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ̀ǹtímítà 5 náà ni. Wọ́n tún wá ní ó máa ń le gbagidi kí ẹ̀wù tó balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di òkúta lásìkò tí a nílò rírọ̀ rẹ̀ jù lọ.

Ẹlòmíràn á ní agbára ni kò tó láyé wa yìí, pé bí bátìrì átọ́míìkì bá dé, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Irọ́ ni. Ká ní ẹ̀wù àti ẹni tó wọ̀ ọ́ jẹ́ kílò 500, gbogbo agbára tó wà nínú jíjá láti 100 mítà ò tó èyí tí yóò hó omi tútù lítà 2. Síse àmàlà ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára kọ́ ló pa ẹni tó já lulẹ̀. Àìsí àyè àti àìsí àkókò ló pa á, kò sì sí bátìrì tí wọ́n rọ àyè sínú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò mọ̀ tipẹ́ nìyí. Béla Barényi, ẹnjinníà Mercedes, ló fa èrò náà jáde pé kí iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò máa rún bí wọ́n bá forí gbárí, kí àyè lè wà fún ẹni tó wà láàárín láti dúró díẹ̀díẹ̀. Ní 1959 ni mọ́tò tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sójú títì. Àwọn àgbà ṣì ń yin mọ́tò àtijọ́ pé irin rẹ̀ nípọn, pé kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, kì í bàjẹ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀wù irin géèmù ṣì wà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2287 ni wọ́n ń pè nínú Fallout 4.

Bí a sì ti dárúkọ 2287, ẹ jẹ́ ká ya ilé kan wò. Bọ́ǹbù já nínú ìtàn Fallout ní 2077. Fún 210 ọdún ni òjò ti ń pa àwọn ilé onípákó ìgbèríko Boston wọ̀nyẹn. Òrùlé ti lu, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kan ìṣó kan mọ́ ọn. Akọni wa wọlé pẹ̀lú irin rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó rìn káàkiri lórí pákó, ó wo inú àpótí, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Pákó kò dún. Táńkì ogun tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń tẹ́ ìwúwo rẹ̀ sórí ẹ̀wọ̀n irin gígùn méjì kó má baà rì. Ẹ̀wù irin gbé tirẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ méjì, tó bá sì ń sáré, ó di ẹyọ kan. Mi ò mọ irú igi tí wọ́n fi kọ́ ilé wọ̀nyẹn, àmọ́ ó wù mí kí wọ́n tà á fún wa.

“Eré ni, ẹ̀yin náà!” Mo gbọ́. Ẹni tó ń gbá géèmù tó gbádùn rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí; òun tilẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó mọ̀ pé iná ń jó, òun ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tí mo ń bá wí ni àgbàlagbà tó yọ orí kúrò nídìí ìtàn tàbí géèmù, tó ní ohun tó rí níbẹ̀ ṣeé ṣe, tó sì lọ yọ owó ìjọba sí i. Láàárín 1965 sí 1971, ilé-iṣẹ́ General Electric kọ́ ẹ̀rọ wíwọ̀ kan tí wọ́n pè ní Hardiman. Ó wọn nǹkan bí kílò 680. Apá kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, débi pé wọn ò jẹ́ kí ènìyàn wọ inú rẹ̀ tan án. Ẹ rò pé wọ́n á kọ́gbọ́n. Ní 2013, àwọn ọmọ-ogun àkànṣe Amẹ́ríkà tún dìde, Ọ̀gágun ojú omi William McRaven sì kéde ẹ̀wù kan tó ń jẹ́ TALOS, tí gbogbo ayé ń fi orúkọ akọni inú fíìmù pè ní Iron Man. Ní 2019 wọ́n gbà pé kò ní í rí bí wọ́n ṣe fọkàn sí i, wọ́n sì pín ẹ̀yà rẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wíwọ̀ tó lágbára jù lásìkò yẹn, XOS 2 ti Raytheon, wáyà gígùn ló so ó mọ́ orísun agbára rẹ̀; jagunjagun tí kò lè lọ jìnnà ju ibi tí wáyà bá mọ lọ. Ẹ̀rọ wíwọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní ti gidi, ReWalk, tí àjọ FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014, ń ran ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ lọ́wọ́ láti dìde rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́. Amit Goffer, ọmọ Ísírẹ́lì tó ṣẹ̀dá rẹ̀, kò lè lo irú rẹ̀ nígbà náà, torí apá tirẹ̀ náà ti rọ. Kò sí ọ̀gágun tó kéde ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ojútùú ìṣòro ìbalẹ̀ inú géèmù ò sì jìnnà, kò sì ní í ba adùn kankan jẹ́. Nínú ìtàn Starship Troopers tí Robert Heinlein kọ ní 1959, àwọn jagunjagun rẹ̀ ń tan rọ́kẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀wù wọn láti fò, wọ́n sì tún ń fi í rọ ìbalẹ̀ wọn. Fallout 4 kúkú ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Kí ẹni tó bá fò láti òkè 100 mítà máa já títí dé 20 mítà sí ilẹ̀, kó wá tan án. Ara rẹ̀ ò ní í wúwo ju ìlọ́po 5 lọ, èyí tí awakọ̀ òfuurufú ológun ń rí lọ́jọ́ iṣẹ́ lásán. Kí géèmù sì yọ owó rẹ̀ lára bátìrì bó ṣe ń yọ ti ìsáré. Ẹni tí bátìrì bá tán mọ́ lọ́wọ́ lórí òrùlé, kó gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, bí pákó yẹn bá lè gbé e.