Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Fún Aboyún Lóúnjẹ Íńdíà ní Djidjolé

Ìwọ ọkọ ìyàwó tó ń gbé Djidjolé ní Lomé, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Oyún ti wọ oṣù keje. Ìyàwó rẹ ti kọ ẹ̀bà, ó ti kọ akoumé, òkèlè àgbàdo tibẹ̀, òórùn ọbẹ̀ adémè, ewédú wọn, ń rí i lára. Bí o bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní biryani, ìrẹsì aláta àwọn ará Íńdíà. Kò jẹ ẹ́ rí o, inú fíìmù Íńdíà ló ti rí i. Ṣọ́ra, má lọ bi agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí á dá ọ lóhùn ní gbólóhùn méjì, ọ̀rọ̀ á tán, kò sì ní sí ohun tí ìwọ àti àwọn alájọgbé á fi jiyàn mọ́jú. Ìyá rẹ ní Ìsẹ́yìn ni kí o pè.

Màmá mọ gbogbo rẹ̀. Aboyún kì í jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìfi pín-ìn há aṣọ. "Oúnjẹ Íńdíà wá ńkọ́, Màmá?" "Háà! Ata wọn yẹn? Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú máa ta ọmọ kó tó dé ayé ni?" Ọ̀rọ̀ ti yanjú: ata ni ọ̀tá. Àwọn ìyá ọkọ ní Íńdíà ní èèwọ̀ tiwọn, ìbẹ́pẹ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ aboyún, àmọ́ má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Má sì bi ara rẹ pé bí ata bá ń ba oyún jẹ́, ta ló bí àwọn èèyàn tó ju bílíọ̀nù kan lọ tó wà lọ́hùn-ún. Ohun tí ata ń ṣe fún aboyún kò ju kó máa ta á láyà lóru, torí ọmọ ti ń ti agbẹ̀du rẹ̀ sókè. Ó ń ni í lára, kò pa á.

Nígbà tí o bá dé ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà, na ìka sí ọmọkùnrin tó ń gba owó: "Sans piment o!" Láìsí ata nìyẹn. Ó ti tán. Má bi í pé ìgbà wo ni wọ́n se ìrẹsì.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ òmùgọ̀ ti ń dùn. Lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí biryani tí wọ́n se láàárọ̀ ti jókòó pẹ́ nínú ìkòkò tí kò sí lórí iná mọ́. Gbà á sínú ike, so ọ̀rá rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà oléyia, kí oòrùn Lomé máa pa á bọ̀. Yà níbi lótò. Yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún fóònù ṣe. Nígbà tí o bá fi máa délé, omi á ti gbá jọ sábẹ́ ìdérí, á máa kán sórí ìrẹsì, ti òkè á ti tutù, ti ìsàlẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Gbé e sórí tábìlì títí di alẹ́.

Kòkòrò kan wà tí ìrẹsì máa ń gbé wá láti oko, Bacillus cereus lorúkọ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú sínú omi tó ń hó. Inú ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti ń jí, tó ń bí sí i, tó ń tu májèlé sílẹ̀. Èyí tó ń fa èébì nínú májèlé náà kì í bẹ̀rù iná: kòkòrò á kú, májèlé á kù síbẹ̀. Torí náà, gbé ìrẹsì rẹ kaná lálẹ́, kí o sì máa sọ̀yà pé o ti pa gbogbo kòkòrò. Ẹni tó bá ra ìrẹsì tó ń rú èéfín, tó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, tó gbé ìyókù sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, onítọ̀hún kò mọ ayé jẹ.

Wàrà ńkọ́? Paneer ni wàrà tàwọn ará Íńdíà. Bí wọ́n bá fi mílíìkì tí wọ́n ti sè ṣe é, tí wọ́n sì gbé e wá nínú ọbẹ̀ tó ń hó, kò ní wàhálà. Òmùgọ̀ kì í ra ìyẹn, ó wọ́n. Lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń kiri wagashi, wàrà tàwọn Fúlàní. Lóòótọ́, àwọn Fúlàní fi oje bomubomu dì í lórí iná, àmọ́ láti ìgbà náà, ọwọ́ mélòó ló ti kàn án, eṣinṣin mélòó ló ti bà lé e? Má dín in. Gé e ní tútù sínú àwo, kí o pè é ní paneer. Fi lassi, yógọ́ọ̀tì mímu tiwọn, tì í lẹ́yìn: kí o fi mílíìkì màlúù tí kò rí iná rí ṣe é, àti yìnyín tí o kò mọ ibi tí omi rẹ̀ ti wá.

Listeria, kòkòrò mìíràn, á kí ọ kú iṣẹ́. Òtútù fíríìjì tó ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró, òun ń dàgbà nínú rẹ̀. Ara ìyá lè kàn gbóná díẹ̀, kó jọ ibà lásán, kí ọmọ sì kú sínú. Ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 2017 sí 2018, ó mú èèyàn tó lé ní 1,000, ó pa èyí tó lé ní 200, àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan sì pọ̀ nínú àwọn tó mú. Oúnjẹ tó fà á ni polony, ẹran lílọ̀ tútù tí wọ́n ń fi há búrẹ́dì. Ẹ̀bi ata kọ́.

Omi ni òmùgọ̀ máa ń gbàgbé jù. Bí wọ́n bá ní pani puri, ìpápánu róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo tí wọ́n ń da omi àjàgbọn tútù sí, ra méjìlá fún un. Má bèèrè omi tí wọ́n fi pò ó. Ní Delhi láàárín 1955 sí 1956, omi ẹ̀gbin wọnú omi ẹ̀rọ ìlú, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú èèyàn tó lé ní 29,000, ó sì le jù lára àwọn aboyún. Hepatitis E la wá mọ̀ ọ́n sí lónìí. Mikhail Balayan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ló wá kòkòrò náà rí: ó po ohun tó gbà lára ìgbẹ́ àwọn sójà tó ṣàìsàn ní Afghanistan mọ́ yógọ́ọ̀tì, ó sì mu ún. Ó ṣàìsàn, ó yẹ ìgbẹ́ tirẹ̀ wò, ó rí ohun tó ń wá, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1983. Ó yè é. Ọkùnrin ni, kò lóyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bó bá mú 100 aboyún ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó lè pa 20 sí 25 nínú wọn. Oṣù keje ni tìyàwó rẹ, àbí?

Wàyí o, dójú lé ata ilẹ̀ pupa tó ń pa ọbẹ̀ wọn láró. Èyí ní òótọ́ nínú. Ní Bangladesh, àwọn olùwádìí rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún, wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ọjà: àwọn kan ń fi ọ̀dà olójèé kun ata ilẹ̀ pupa kó lè máa dán. Ní 2019 ìjọba gbé òfin dìde sí wọn. Nígbà tó fi máa di 2021, wọn kò rí i lọ́jà mọ́. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láti inú oyún, nítorí náà òmùgọ̀ á da ọbẹ̀ nù. Á wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tó lé tìróò, tó ń rún ẹfun lẹ́nu látàárọ̀. Tìróò kẹ̀! Ní 2012, wọ́n ròyìn ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí wọ́n lé tìróò láti Nàìjíríà fún. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ẹfun náà, àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Britain àti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún aboyún nípa rẹ̀, nítorí òjé kan náà. Kò sẹ́ni tó da ìyẹn nù.

Ohun tí o kò gbọdọ̀ rà rárá ni dal. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè di ọbẹ̀ ni, ó kún fún folate, ó ní èròjà irin, kò sì wọ́n. Ta ló máa mọ̀ pé o náwó? Bó bá jẹ ẹ́ dandan, sáré gbé tíì Íńdíà tì í lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí tíì lè dènà irin náà kó má wọ ẹ̀jẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá wá gbóná, ibà ni. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n, ata ni. Po àgbo, kí o dúró dọ̀la. Má gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá CHU Sylvanus Olympio, má sì rántí pé ètò Wezou tí ìjọba Togo bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń bá aboyún gbé nínú owó ìtọ́jú. Bí àwọn aládùúgbò bá fipá gbé yín débẹ̀, tí dókítà bi ọ́ pé kí ló jẹ, má dárúkọ ìrẹsì ọ̀sán, má dárúkọ wagashi, má dárúkọ omi. Sọ ọ́ ketekete: "Ata Íńdíà ni, Dókítà. Màmá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."