Wọ́n Ní Ká Wá Sọ Tẹnu Wa

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fẹ́ràn ará Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì ju bí ará Ìkẹ̀rẹ́ ṣe mọ̀ lọ. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti ṣòfin àtúntò iná mànàmáná ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ìyẹn NERC, tó fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí iye tí wọn yóò máa ta iná, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde fún ará ìlú, kó dá ìgbà fún wọn, kó sì gbọ́ àtakò ẹni tó bá ní àtakò lẹ́nu. Ẹ ò rí i pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa? Òfin kò tiẹ̀ gbàgbé ibi tí ìkéde ọ̀hún yóò ti jáde. Nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ni, àti nínú ìwé ìròyìn kan ó kéré tán, tó bá ti lè tàn kálẹ̀.

Gásẹ́ẹ̀tì! Àwa tí à ń kà á láràárọ̀. Ní Ìkẹ̀rẹ́, bí ìyá aláta bá ti pàtẹ tán lọ́jà, gásẹ́ẹ̀tì ló kàn kó tó dá oníbàárà lóhùn. Ní Ìsẹ̀, kò sí àgbẹ̀ kòkó tó jẹ́ wọ oko láìyẹ ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iná sí wò. Ní Èmùré ni wọn kò ti fi bẹ́ẹ̀ kà á. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ rí, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ àkàrà ni wọ́n fi dì fún un.

Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan ṣe kòńgẹ́ ìkéde náà, ìrìn àjò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àbújá ni NERC fìdí kalẹ̀ sí, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Adamawa Plaza. Lọ́dún 2023, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kọ̀wé pé owó tí àwọn ń gbà lọ́wọ́ wa ti kéré jù, Àbújá náà ni wọ́n pe ìpàdé ìta gbangba sí. Ìta gbangba ta ni o? Kí bàbá kan láti Ìsẹ̀ tó lè dìde sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òpó iná ẹ̀yìnkùlé mi ti ń dagun,” yóò kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Adó, yóò gba Ìkọ̀lé, yóò gba Ọ̀mùò, yóò já sí Kàbà, yóò kọjá Lọ́kọ́ja, bí àwọn tó ń lúgọ sínú igbó bá yọ̀ǹda fún un. Tó bá fi máa débẹ̀, lọ́yà ti jókòó pitimu. Àwọn oníṣirò ti tan kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ṣàlàyé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, iye tí wọ́n ń ra gáàsì, àti bí ọjà ṣe wọ́n sí i. Bó bá wá kan bàbá láti sọ̀rọ̀, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí àwọn ènìyàn yìí mọ̀ ọ́n ṣe tó ìdúpẹ́, àyàfi àfikún owó.

Ẹnì kan ti gba òfin yìí gbọ́ rí o. Lọ́yà ni, Toluwani Adebiyi lorúkọ rẹ̀, Èkó ló sì ti pe NERC lẹ́jọ́. Nígbà tí owó iná gbéra ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2016, tó fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dájọ́ pé àfikún náà kò bófin mu, pé wọn kò tẹ̀ lé ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, kí wọ́n dá owó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ará ìlú jó. NERC gba ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Owó iná ńkọ́? Ẹ wo bíìlì yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tàìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024, igbákejì alága NERC, Musiliu Oseni, kéde pé àwọn oníbàárà Báńdì A yóò máa san ₦225 lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí ₦68 tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń gba èrò ẹni nìyẹn, á jẹ́ pé olè náà máa ń gba èrò onílé. Wọ́n ní kò kan mẹ̀kúnnù, ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ló kàn, àwọn tó ń rí iná ogún wákàtí lójúmọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ó wálẹ̀ sí ₦206.80. Ní oṣù Keje, ó tún gòkè díẹ̀ sí ₦209.50. Wọn kò bi wá nígbà tó gòkè, wọn kò bi wá nígbà tó sọ̀, wọn kò sì bi wá nígbà tó tún gòkè. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní Àbújá, wọ́n ti fá a, wọ́n ti fi àdí pa á, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá ẹni tó ni orí kó wá sanwó fún onígbàjámọ̀.

Oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni mínísítà iná, Adebayo Adelabu, ọmọ Ìbàdàn, wá sọ fún wa pé owó iná tó pọ́ọ́kú ló fà á tí a fi ń fi iná ṣòfò; pé ẹlòmíràn á tan fírísà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ohun inú rẹ̀ á ti dì gbagidi, á sì tún fi í sílẹ̀ ní títàn gba ibi iṣẹ́ lọ. Ariwo ta, wọ́n bú u títí ó fi tọrọ àforíjì. Èmi kò bá wọn bú u. Mo kàn fẹ́ mọ àdúgbò tó ti rí fírísà yẹn ni, ká lè kó lọ síbẹ̀. Fírísà tí èmi mọ̀ ní apá Èmùré, àwọn onílé ń kó aṣọ òkè àti fìlà sí i, nítorí kòkòrò kì í wọ̀ ọ́. Ó wúlò púpọ̀.

Báńdì yìí náà, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló wà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Lọ́dún 2020 ni wọ́n ti pín wa. A ni ogún wákàtí, B ni mẹ́rìndínlógún, C ni méjìlá, D ni mẹ́jọ, E tí í ṣe àbíkẹ́yìn ni mẹ́rin. Ó kéré tán ni wọ́n sọ o. Láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Ọ̀rùn, àwọn kan wà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tètè dá Báńdì F sílẹ̀ kí àwọn náà lè ní ilé tiwọn. Àmọ́ NERC gba tẹni rò. Wọ́n pàṣẹ lọ́dún 2024 pé bí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kò bá lè fún Báńdì A ní wákàtí tó yẹ fún ọjọ́ méjì léra, dandan ni kí ó gbé àlàyé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù. Àṣẹ tó dára gan-an ni. Iná kò sí, fóònù ti kú, ṣùgbọ́n ìdí tí iná kò fi sí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí o sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀, kí o sanwó kí wọ́n bá ọ ṣájì fóònù, kí o sì lọ kà á.

Ẹ má wá sọ pé àwa ará Èkìtì Gúúsù kì í kópa nínú ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìpàdé ìta gbangba gidi, kó wá sí ìpàdé lándílọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí tíráńsífọ́mà bá jó.

Níbẹ̀, wọn kì í lo gásẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé á rán ọmọ rẹ̀ kiri ojúlé, á tún fi sórí fóònù, á sì tún dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kó má baà sí ẹni tí yóò ní òun kò gbọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á to bẹ́ǹṣì. Alága á fi àdúrà ṣí i. Onímọ̀ nípa iná á sọ ohun tó bàjẹ́, èdè tí gbogbo wa gbọ́ ló sì máa fi sọ ọ́. Wọ́n á pín iye owó sórí ilé kọ̀ọ̀kan. Àtakò á wá bẹ̀rẹ̀. Ìyá onígàrí á ní òun kò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi iná lọ yìnyín tà. Wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, wọ́n á sì tún un pín. Bàbá kan á dìde ní ìkángun, á ní, “Alága, ẹ dákun o, owó òpó tí a dá ní èṣí, ta ló kó o?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti gbóná. Wọ́n á mú ìwé ìṣirò wá, wọ́n á kà á sétí ìgbọ́, ẹni tó jẹ ẹ́ á pọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò san, wọ́n á lọ bá a nílé tàgbàtàgbà. Bí wọ́n bá parí, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ìdí tó fi ń san iye tó ń san. Mo ti ronú rẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn kọmíṣánnà NERC wá jókòó ní ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ o, kí wọ́n kàn wò.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: àwa kọ́ ló yẹ kí a máa ra tíráńsífọ́mà yẹn. NERC fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ríra tíráńsífọ́mà, òpó àti wáyà kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà, àti pé bí àdúgbò bá máa rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná tọwọ́ bọ̀wé kí owó wọn lè padà sọ́wọ́ wọn. Àdúgbò mélòó ló tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? À ń dáwó, à ń rà á, wọ́n ń so ó, ó ń di tiwọn, wọ́n sì ń ta iná inú rẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá ń wá ìkópa ará ìlú, òun nìyẹn. Àpò wa nìkan ni wọ́n ń pè sípàdé.

Àmọ́ nǹkan ti yí o, bóyá ẹ gbọ́ tàbí ẹ kò gbọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ ṣe, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi lè máa ṣòfin iná tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Lọ́dún 2024, NERC gbé àkóso ọjà iná Èkìtì lé àjọ ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́ l'Ádó, wọ́n sì ní kí BEDC, tó ń pín iná fún Ẹdó, Delta, Oǹdó àti Èkìtì, dá ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún Èkìtì nìkan. Iná tó ń gba orí wáyà ńlá bọ̀ ṣì wà lábẹ́ Àbújá, wáyà ńlá ọ̀hún náà ṣì ń ṣubú lulẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n iye tí a ó máa san, mítà tí wọn kò fún wa, tíráńsífọ́mà tó jó, Adó ni ẹjọ́ rẹ̀ wà báyìí. Láti Ìkẹ̀rẹ́, ọ̀kadà lè gbé ẹ débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí ohun tí àjọ ìpínlẹ̀ lè ṣe. Ní Enugu, nígbà tí àkóso bọ́ sọ́wọ́ wọn, àjọ tiwọn tú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná wò, ó sì já owó Báńdì A wálẹ̀ láti ₦209 sí ₦160 ní oṣù Keje ọdún 2025. Ilé-iṣẹ́ náà figbe ta pé àwọn yóò wọ gbèsè. Àbújá bínú. Bóyá ìṣirò Enugu tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, àwọn amòfin àti oníṣirò á máa jà á lọ. Ohun tó hàn sí èmi ni pé ìwé ìṣirò ọ̀hún ṣeé tú wò, wọ́n sì ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí pé àdììtú ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá wa l'Ádó, a kò ní kí ẹ já owó wálẹ̀ lọ́la. Kí ẹ tó fi náírà kan kún un ni kí ẹ gbé bẹ́ǹṣì wá. Ẹ wá sí Ìkẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ tí ojú ọjà bá kún, ẹ wá sí Ìsẹ̀, ẹ wá sí Èmùré. Ẹ fi rédíò kéde rẹ̀ ní èdè Èkìtì, ẹ fi gásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún alákàrà. Ẹ mú ìwé ìṣirò dání, kí ẹ sì kà á sétí ìgbọ́. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé, ẹ wá gbogbo rìsíìtì òpó, wáyà àti tíráńsífọ́mà tí ẹ ti rà jáde, ẹ fi ìwé ẹ̀sùn lé e lórí, ẹ gbé e lọ sí Adó, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀.